Ṣé Kí A La Ọ̀nà Dé Ìdí Omi Inú Igbó?

Ẹni tó bá yà kúrò lójú títì tó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́, tó kọrí sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, kò ní pẹ́ dé ibi tí wọ́n ti ń gba owó ìwọlé. Láti ibẹ̀, ìrìn kékeré ló kù dé ìdí omi Olúmìrìn. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń rìn ín, ìyá arúgbó tí orúnkún ń dùn náà ń rìn ín, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ya fọ́tò tí gbogbo wa mọ̀, omi funfun tó ń já wálẹ̀ lára àpáta, tí èrò pọ̀ nísàlẹ̀ tí wọ́n ń pariwo nítorí òtútù. Ṣùgbọ́n ìpele méje ni omi náà ní, èyí tí ọ̀pọ̀ àlejò sì rí kò ju ìkíní lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìyókù, gbòǹgbò igi ni yóò dì mú gòkè, yóò máa wá ibi tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀ láàrin òkúta, ọmọ ìlú kan tó mọ̀nà yóò sì máa ṣáájú rẹ̀. Nígbà tó bá fi máa dé òkè pátápátá, ìhà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní ìpínlẹ̀ Èkìtì ló kọjú sí yẹn.

Ìsàlẹ̀ omi náà ti lajú, òkè rẹ̀ ṣì jẹ́ igbó, àríyànjiyàn sì wà lórí èwo ló yẹ kó jẹ gàba lórí èkejì. Àwọn kan ń sọ pé kí ìjọba gbé àtẹ̀gùn oníkọnkéré gòkè lọ títí dé ìpele keje, kí wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo omi àpáta tó fara sin káàkiri ilẹ̀ Yorùbá: Àríǹtà ní Ìpólé-Ìlórò, Òwù ní Òwá-Kájọlà nílẹ̀ Ìgbómìnà, àtàwọn kéékèèké tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ wọn àyàfi ọdẹ àti àgbẹ̀ tó ń gbé nítòsí. Àwọn mìíràn ní kí a fi igbó sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹni tí kò bá lè fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀ jókòó sílé. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìhà méjèèjì lẹ́nu àwọn èèyàn tí mo bọ̀wọ̀ fún, mo sì gbà pé ìhà kọ̀ọ̀kan mọ ohun kan tí ìhà kejì kò fẹ́ gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ kí ìrìn náà wà bó ṣe wà. Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ ìgbéraga ni wọ́n ń sọ, pé ara wọn le ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ẹni tó bá ti rìn ín rí mọ̀ pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní kùtùkùtù, ìrì ṣì wà lórí ewé, ṣòkòtò á ti tutù dé orúnkún kí èèyàn tó rìn jìnnà. Oko kòkó ló sábà máa ń ṣáájú, ewé gbígbẹ tó nípọn á máa ró lábẹ́ bàtà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni igbó. Ọ̀nà á wá fún, ẹni tó ṣáájú á yọ àdá, á máa gé ìtàkùn. Níbi tí ọ̀nà bá ti pín sí méjì, á ṣẹ́ ewé, á tẹ́ ẹ dí èyí tí kì í ṣe ọ̀nà wa, kí ẹni tó bá ṣẹ́yìn má baà ṣìnà. Ó mọ igi ẹlẹ́gùn-ún tí a kò gbọ́dọ̀ gbá mú, ó mọ ibi tí wèrèpè so sí, ó mọ ibi tí ìjàlọ ti máa ń gba ọ̀nà kọjá. Kò sí ìkankan nínú rẹ̀ tí wọ́n kọ sára pátákó.

Etí ló sì máa ń kọ́kọ́ dé ìdí omi. Èèyàn á rò pé afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ lórí igi. Á dúró, á gbójú sókè, ewé kò mì. Á tún rìn díẹ̀, ariwo náà á máa lágbára títí yóò fi di ohun tí àyà ń gbọ́ kí etí tó gbọ́ ọ. Afẹ́fẹ́ á tutù lójijì. Òkúta tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bí ilá, omi tó fọ́n káàkiri bí ìrì á máa ba èèyàn lójú kí ó tó rí ibi tó ti ń wá. Ìgbà tí ìtàkùn tó kẹ́yìn bá ṣí, tí omi náà sì yọ, èèyàn ti ṣe wàhálà tó láti dákẹ́. Ẹni tó wà nínú mọ́tò, tó ti fèrèsé, tó tan ẹ̀rọ amúlétutù, tó sọ̀kalẹ̀ síwájú omi kan náà, omi tó rí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti inú fọ́tò. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀ ló dín in kù. Àwa Yorùbá sì mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó wá sọ ọ́ fún wa. Láti 1938 tí D. O. Fágúnwà ti tẹ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, gbogbo ẹni tó bá ka ìwé èdè wa ló mọ̀ pé ẹni tó bá wọ igbó, ara rẹ̀ náà ló ń wá lọ.

Ọ̀rọ̀ ìgbádùn nìyẹn, ó sì lè má tó ohun tí a ó fi dá ẹni tó nílò iṣẹ́ dúró. Àwọn tó ń gbèjà igbó ní ọ̀rọ̀ mìíràn tó wúwo ju èyí lọ, ìyẹn ni pé igbó ló ń tọ́jú omi. Bí òjò bá rọ̀ sórí òkè tí igi bò, ewé ló kọ́kọ́ ń gbà á. Ewé jíjẹrà àti ilẹ̀ rírọ̀ tó wà nísàlẹ̀ á mu ún, wọ́n á sì máa tú u sílẹ̀ fún odò ní díẹ̀díẹ̀ títí wọ inú ẹ̀ẹ̀rùn. Bí a bá gé igi orí òkè náà, òjò kan náà á ya wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á kó erùpẹ̀ dání. Odò á kún àkúnya lóṣù keje, tó bá fi máa di oṣù kejì, àpáta gbígbẹ ni àlejò máa bá.

Àwọn ará Rio de Janeiro ní Brazil ti fojú winá èyí. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n gé igbó òkè Tijuca kí wọ́n lè gbin kọfí, orísun omi ìlú sì ń gbẹ lọ. Láti 1861 ni ìjọba ọba Pedro Kejì ti pàṣẹ pé kí wọ́n gbin igbó náà padà. Manuel Gomes Archer ni wọ́n fi ṣe olórí iṣẹ́, ẹrú mẹ́fà ló sì bá a bẹ̀rẹ̀, àwọn ni wọ́n gbẹ́ ihò, tí wọ́n kó irúgbìn sí i. Igbó ńlá tó wà lórí òkè náà lónìí, tí àlejò lè rò pé igbó àdánidá ni, èèyàn ló gbin púpọ̀ nínú rẹ̀. Nídìí omi tó ń já láti orí àpáta inú rẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé ti ń bọ Ọ̀ṣun, tí wọ́n ń pè ní Oxum. Mo máa ń rántí àwọn ẹrú mẹ́fà yẹn bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé igi ò ju igi lọ.

Ọ̀nà kì í yan ẹni tó ń gba orí rẹ̀. Èyí tí bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé gbà wọlé, òun náà ni ọkọ̀ agbégẹdú máa gbà. Àwọn tó ń sun èédú á gbà á, àwọn awakùsà náà á gbà á. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò nílò kí ẹnì kan wá ṣàlàyé èyí. Àwọn tó ń wa wúrà láìgbàṣẹ ti da ẹrẹ̀ sínú odò tó bẹ́ẹ̀ tí omi Ọ̀ṣun tó ń ṣàn kọjá ní Òṣogbo fi pọ́n, àwọn tó máa ń bu omi náà mu lọ́jọ́ ọdún sì gbọ́ ìkìlọ̀ pé kí wọ́n má mu ún mọ́. Ẹni tó bá rí èyí, tó wá ní kí wọ́n má la ọ̀nà mìíràn wọ igbó, kì í ṣe ọ̀tá ìdàgbàsókè.

Síbẹ̀, ẹni tó ń sọ pé kí igbó wà bó ṣe wà sábà máa ń jẹ́ ẹni tó máa padà sílé ní ìrọ̀lẹ́. Ibí yìí ni ìhà kejì ti ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tiwọn, mi ò sì mọ bí a ṣe lè dá wọn lóhùn láìkọ́kọ́ tẹríba. Nídìí ọ̀pọ̀ omi wọ̀nyí, abúlé wà níbẹ̀. Kòkó tí àgbẹ̀ ibẹ̀ bá sá gbẹ, orí ọ̀kadà ló ń gbé e jáde, owó ọ̀kadà á sì ti jẹ nínú èrè kí ó tó dé ọ̀dọ̀ alágbàtà. Aláboyún tó bá rọbí lóru, orí ọ̀kadà náà ni, láàrin ẹnì méjì, nínú ẹrẹ̀. Olùkọ́ tí ìjọba bá gbé lọ sí iléèwé ibẹ̀ á ti ń wá ìwé ìgbépòdà kí ọdún tó yípo. Ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ tí àlejò láti Èkó ń yìn pé ó jẹ́ kí ibẹ̀ dùn, òun náà ni ará ibẹ̀ ń fi ṣépè.

Àìsàn kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ ti omi bẹ́ẹ̀ gan-an. Amùkúrù, kòkòrò dúdú kékeré tó ń jẹni ní ojúmọmọ, kì í yé ẹyin sínú omi tó dákẹ́ bíi ti ẹ̀fọn. Omi tó ń sáré lórí àpáta ló fẹ́, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọ inú omi dáadáa. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń lẹ̀ mọ́ òkúta àti ewé tí wọ́n fi ń dàgbà. Bó bá jẹ èèyàn léraléra, ó lè gbin aràn tó ń fa ìnárun sí i lára: awọ á máa yún èèyàn tọ̀sán tòru, á hunjọ, á sì pàwọ̀ dà lójúgun, bí ọdún sì ti ń gorí ọdún, ojú á máa fọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní àìsàn ìfọ́jú etí odò. Àlejò tó lo ọ̀sán kan níbẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan kan, nítorí àìsàn náà ń fẹ́ kí kòkòrò náà jẹni fún ìgbà pípẹ́. Ará abúlé tó ń pọn omi níbẹ̀ lójoojúmọ́ ló ń jẹ̀yà rẹ̀. Láti 1987 ni iléeṣẹ́ Merck ti sọ pé òun yóò máa fún àwọn tó nílò rẹ̀ ní oògùn àìsàn náà lọ́fẹ̀ẹ́, oògùn náà sì ti gba ojú àìmọye èèyàn là. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ máa lò ó lọ́dọọdún fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ gbé e dé abúlé. Bí ọ̀nà kò bá dára, abúlé tó sún mọ́ omi jù, tó nílò oògùn jù, lè jẹ́ èyí tó máa gbà á kẹ́yìn.

Bí ẹ bá wá bi mí pé ṣé àlejò lè mú ìrọ̀rùn wá lóòótọ́, Gocta ni màá tọ́ka sí. Ní ẹkùn Amazonas lórílẹ̀-èdè Peru ni omi yìí wà. Àwọn ará abúlé Cocachimba àti San Pablo ń rí i lókèèrè lójoojúmọ́, wọ́n ń gbọ́ ìró rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í sún mọ́ ọn, nítorí ìtàn àwọn bàbá wọn sọ pé obìnrin inú omi kan tí irun rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ló ń ṣọ́ ibẹ̀. (Kò sí ọmọ Yorùbá tí ìtàn yìí máa ṣàjèjì létí rẹ̀.) Ní 2002, ará Jámánì kan, Stefan Ziemendorff, tí iṣẹ́ omi gbé dé àgbègbè náà, rí i. Ní oṣù kẹta 2006, ó pe àwọn oníròyìn, ó sì kéde ìwọ̀n rẹ̀: mítà 771, ní ìjábọ́ méjì. Ayé gbọ́, ayé sì dé. Abúlé tí ẹnikẹ́ni kì í yà sí tẹ́lẹ̀ di ibi tí ilé àlejò wà, tí àwọn ọmọ ìlú ń ṣe amọ̀nà, tí ẹlẹ́ṣin ń fi ẹṣin gbé ẹni tó bá rẹ̀. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ nìyí: mọ́tò ń dé Cocachimba, ibẹ̀ ló sì ń dúró sí. Láti ibẹ̀ dé ìdí omi, ẹsẹ̀ ni, nǹkan bíi wákàtí méjì láàrin igbó, tàbí kí èèyàn gun ẹṣin dé ibi tí ẹṣin lè dé.

Omi àpáta tó ga jù lọ láyé náà kò ní ọ̀nà mọ́tò títí di òní. Mítà 979 ni Kerepakupai Merú ní Venezuela, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Angel nítorí Jimmie Angel, awakọ̀ òfuurufú ọmọ Amẹ́ríkà tó fò kọjá níbẹ̀ ní 1933. Àlejò ń wọ ọkọ̀ òfuurufú kékeré dé Canaima, ó ń wọ ọkọ̀ ojú omi tí àwọn ọmọ Pemón ń tukọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ló máa fẹsẹ̀ rìn. Àìsí ọ̀nà mọ́tò kò tíì dí àlejò lọ́wọ́ láti wá.

Àwọn tó fẹ́ àtẹ̀gùn àti kọnkéré máa ń mẹ́nu ba ewu, wọ́n sì jàre. Ẹsẹ̀ ń yọ̀ lórí àpáta, ejò wà nínú igbó, ẹni tó bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ní ìpele karùn-ún Olúmìrìn, ẹ̀yìn ẹlòmíràn ni yóò wà sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n kọnkéré kì í lé ewu lọ tán. Lọ́jọ́ 19 oṣù kẹta 2017, ìjì jà ní Kintampo ní orílẹ̀-èdè Ghana, níbi tí wọ́n ti ṣe àtẹ̀gùn dé ìdí omi, tí èrò sì máa ń pọ̀. Igi ńlá kan wó lu àwọn tó ń wẹ̀ nísàlẹ̀. Ó kéré tán, èèyàn 18 ló kú, ọmọ iléèwé sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọ̀nà tó dára ló kó èrò jọ síbẹ̀. Ọ̀nà tó dára náà ló jẹ́ kí ọkọ̀ lè gbé àwọn tó fara pa lọ sí ọsibítù. Mi ò rí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè fi ọ̀ràn yẹn gbe ìhà kan ṣoṣo.

Ohun tó ń gba ẹ̀mí là jù níbi omi àpáta ni ẹni tó mọ omi náà. Òjò lè rọ̀ lókè tí oòrùn sì ń ràn nísàlẹ̀. Ẹni tó dàgbà sí ibẹ̀ á rí i pé omi tó mọ́ gaara ti ń dà bí èyí tí wọ́n fọ nǹkan nínú rẹ̀, á rí ewé tútù àti ẹ̀ka igi kéékèèké tó ń bọ̀ lójú omi, á gbọ́ pé ìró rẹ̀ ti yí padà. Kò ní dúró ṣàlàyé, á pariwo pé kí gbogbo èèyàn jáde. Níbi tí ẹnu ọ̀nà àti tíkẹ́ẹ̀tì bá wà, tí a kò sì rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nídìí omi, ewu ti pọ̀ ju ti inú igbó lọ, nítorí tíkẹ́ẹ̀tì ti fi ọkàn àlejò balẹ̀.

Ọ̀ràn owó náà ń kọ́? Ẹni tó gba owó ìwọlé àti ibi tó ń kó o lọ ni ìbéèrè tí a máa ń fò kọjá nígbà tí a bá ń jiyàn lórí ọ̀nà. Bí owó náà bá ń lọ tààrà sí àpò ìjọba ìpínlẹ̀, ohun tó kù fún ará abúlé ni títa bisikíìtì àti omi inú ọ̀rá, kí wọ́n sì ṣa ọ̀rá náà nílẹ̀ lẹ́yìn tí àlejò bá lọ. Bó bá sì jẹ́ pé ẹni tó lówó ló ra ilẹ̀ ẹ̀bá omi, ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nídìí omi àpáta Niagara lápá Amẹ́ríkà nìyẹn láàrin ọ̀rúndún kọkàndínlógún: àwọn onílẹ̀ ṣe ọgbà yí etí omi ká, èèyàn ń sanwó kó tó lè yọjú wo omi tí Ọlọ́run dá. Ìgbà tí ìpínlẹ̀ New York gba ilẹ̀ náà padà ní 1885, tí wọ́n wó àwọn ọgbà wọ̀nyẹn, ni gbogbo ayé tó tún ń wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ilẹ̀ tó yí omi ká kò gbọ́dọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan.

Ibi ìjọsìn sì tún ni àwọn omi wọ̀nyí. Ìtàn kan ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà sọ pé Akínlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà, ló rí Olúmìrìn ní 1140. Ìtàn mìíràn ní ọdẹ ló rí i. Èyí ó wù kó jẹ́, ìlú ti bọ omi náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àwọn aládùúrà náà ń lọ gbàdúrà níbẹ̀, wọ́n ń bu omi rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì lọ sílé. Ẹ gbé ẹ̀rọ agbóhùnsókè àti ẹran súyà wá sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ẹ ó rí i pé ibi ìsinmi ẹnì kan ti di ìdíwọ́ fún ẹlòmíràn. Ní Tijuca tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, ìjà yìí ti pẹ́ láàrin àwọn tó ń ṣọ́ igbó àti àwọn tó ń gbé ẹbọ wá sí ìdí omi. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ló fi hàn mí jù pé wọ́n lè jọ gbé. Hẹ́kítà 75 ni, UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé ogún ayé ní 2005, àlejò ń wọ̀ ọ́ láti gbogbo àgbáyé. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í gé igi níbẹ̀, wọn kì í pẹja, wọn kì í dọdẹ. Èèwọ̀ ló ṣe iṣẹ́ yẹn kí òfin ìjọba tó dé.

Ní tèmi, ọ̀nà méjì la ti pa pọ̀ di ọ̀kan nínú àríyànjiyàn yìí, ìdí nìyẹn tí kò fi tán. Ọ̀nà tó lọ sí abúlé, gbèsè ni ìjọba jẹ àwọn ará ibẹ̀, ìbáà jẹ́ pé omi wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Kò yẹ kó jẹ́ pé àfi kí wọ́n ní omi àpáta tó dára kí aláboyún wọn tó rí ọkọ̀ wọ̀. Kí wọ́n la èyí, kí wọ́n da ọ̀dà sí i, kí wọ́n ṣe afárá rẹ̀. Ọ̀nà kejì, èyí tó ti abúlé wọ inú igbó lọ dé ìdí omi, òun ni mo ń sọ pé kí ó jẹ́ ti ẹsẹ̀. Kí ọmọ abúlé máa mú àlejò lọ, kí ó máa gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mú lọ, kí ó jẹ́ àdá, kì í ṣe katapílà, ni yóò máa la ọ̀nà náà.

Èyí kò sì kan àwọn omi tó ti ṣí sílẹ̀. Ìpele kìíní Olúmìrìn kò lè padà di igbó mọ́, kò sì yẹ kí a ṣe bí ẹni pé ó lè padà. Kí wọ́n ṣe ìyẹn dáadáa: kí ilé ìyàgbẹ́ tó mọ́ wà, kí irin ìdìmú má dípẹtà, kí àpótí ìdalẹ̀nù wà, kí ẹni tó lè wẹ̀ dáadáa wà nídìí omi, kí ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ lè dé ibi tí omi á ti fọ́n sí i lójú. Nítorí ohun tí ìpinnu mi máa gbà lọ́wọ́ èèyàn kò kéré. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gbé e kò ní rí ìpele keje Olúmìrìn láéláé bí a bá ṣe bí mo ṣe wí, ẹbí rẹ̀ á padà wá sọ fún un bí ó ṣe rí, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun kan náà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n bí a bá ju kọnkéré sí gbogbo òkè, ohun tí à bá mú un lọ wò lè má sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí àtẹ̀gùn bá parí.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ lọ. Ẹ wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú, ẹ wọ aṣọ tó bo apá nítorí amùkúrù, ẹ béèrè lọ́wọ́ ará ibẹ̀ bí omi ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn kí ẹ tó wẹ̀ ẹ́. Bó bá ní kí ẹ má wọ omi lónìí, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ ra oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá tó ń tà á ní abúlé, ẹ kó ọ̀rá yín padà wá sílé. Ẹ̀yin kábíyèsí àti ìgbìmọ̀ ìlú tí irú omi yìí wà nílẹ̀ yín, tí ìjọba tàbí oníṣòwò kò tíì kàn sí, ẹ pe ìpàdé nísinsìnyí. Ẹ fẹnu kò lórí ibi tí mọ́tò máa dúró sí, ẹni tó máa gba owó, iye tó máa jẹ́ ti ìlú, ọjọ́ tí àlejò kò gbọ́dọ̀ wá, igi tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí lọ́yà bá yín wò ó, kí ẹ sì fọwọ́ sí i kí kọngílá tó dé.